Ìwádìí Inú Ènìà ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Àwọn àgbà a máa wípé inú jìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwà ènìà kò lè la àyà rẹ̀ wò; ohun tí ó lè ṣe ni kí ó kíyèsí ìṣe rẹ̀, kí ó bi í léèrè, kí ó sì bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní gbogbo Afijio mọ bí a ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé Carothers, dókítà Òyìnbó kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya. Ó wí níbẹ̀ pé ìbànújẹ́ tí í di àrùn ọkàn ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n àwọn tí a mú wá sí ilé ìwòsàn ni irú èrò bẹ́ẹ̀ gbójúlé jù. Ta ni yíò mú ẹni tí ńsunkún jẹ́jẹ́ nínú ìyẹ̀wù lọ sí ilé ìwòsàn àwọn wèrè?

Ní ọdún 1961, Adéoyè Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, olórí ilé ìwòsàn Aro, pẹ̀lú Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Nwọn kò dúró de aláìsàn. Nwọ́n tọ àwọn ará abúlé agbègbè Abẹ́òkúta lọ sí ilé wọn, àti àwọn ará inú ìlú pẹ̀lú. Nwọ́n bi ẹni tí ara rẹ̀ dá àti ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ní ìbéèrè kan náà, ní èdè Yorùbá. Nwọ́n tún wádìí lẹ́nu Baálẹ̀, nítorí agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́hìn èyí, nwọ́n fi ohun tí nwọ́n rí wé ti Stirling County ní Kánádà, níbi tí Leighton ti kọ́ ṣe irú ìwádìí yìí.

Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Ó hàn gbangba pé àrùn ìbànújẹ́ wà láàrin wa. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún un, ṣùgbọ́n nwọ́n mọ àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àìlórúkọ kì í ṣe àìsí.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá dákẹ́ ní kíláàsì, ẹ má ṣe yára pè é ní òpè. Ẹ wò ó ní pápá ìṣeré. Ẹ fi sùúrù bi í léèrè. Ẹ bi ìyá àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ tí a kánjú ṣe lórí ọmọdé a máa bá a dàgbà.