Bí Ìpẹtà Ṣe Dé Ara Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré

Ọkọ̀ akẹ́rù ojú irin ní Amẹ́ríkà kì í rí ìsinmi. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, eruku èédú àti sìmẹ́ǹtì ń dà lé e lórí, kì í sì í pẹ́ tí ọ̀dà pupa bí osùn tí wọ́n fi kùn ún nílé iṣẹ́ fi ń ṣá. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà kékeré irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà láti gbé gbogbo ìyà yìí sára ike tó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ sí i lára, bí àkàbà, ọwọ́ ìdìmú àti páìpù bíréèkì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ọ̀dà sọ ọ́ di ògbólógbòó.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí Märklin ti Jámánì gbé jáde ní ọdún 1891, àti ti Lionel tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní ọdún 1900, ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n, tí wọ́n ń dán gbinrin. Ní oṣù kìíní ọdún 1934 ni ìwé ìròyìn Model Railroader bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Milwaukee, níbi tí wọ́n ti dá NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, sílẹ̀ ní ọdún 1935, kí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kan lè máa bá ti òmíràn rìn lórí irin kan náà. Ìwọ̀n HO, níbi tí ẹsẹ̀ bàtà kan ti di mílímítà 3.5, ló wá gbajúmọ̀ jù. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń dán ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń yangàn.

Nínú àwọn tó yí èrò yìí padà, John Allen ni mo fi ṣíwájú. Oníṣẹ́ fọ́tò ni, ó ń gbé ní Monterey ní California, Gorre & Daphetid ló sì pe ojú irin tó kọ́ sínú ilé rẹ̀. Eruku, èéfín àti ìpẹtà wà lára àwọn ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń nu tiwọn. Mo gbà pé iṣẹ́ fọ́tò ló là á lójú: kámẹ́rà kì í fi ohun ìṣeré tó ń dán bò. Fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, àti nínú ìpolówó ọjà ilé iṣẹ́ Varney, ló gbé àṣà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò débẹ̀ rí. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1973, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí iná fi jó iṣẹ́ náà. Àwọn fọ́tò ló jẹ́ ká ṣì mọ̀ ọ́n.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ọkọ̀ onípílásítíìkì tí ilé iṣẹ́ Athearn ń tà sínú páálí aláwọ̀ búlúù sọ iṣẹ́ náà di ti mẹ̀kúnnù. Àléébù rẹ̀ ni pé àkàbà àti ọwọ́ ìdìmú lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ gbagidi. Àwọn tó fẹ́ kó jọ tòótọ́ á fi abẹ gé wọn kúrò, wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́, wọ́n á sì ki wáyà tín-ín-rín bọ̀ ọ́. Ìkọ́ tó ń so ọkọ̀ pọ̀, ti ilé iṣẹ́ Kadee láti ìpínlẹ̀ Oregon, náà dé: wáyà tó tẹ̀ sísàlẹ̀ lára rẹ̀ ni òòfà fi ń tú ọkọ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ ó jọ rọ́bà afẹ́fẹ́ bíréèkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù lójú tèmi ni pé òfin ìjọba àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ojú irin fúnra wọn wà lára ọkọ̀. Òfin ìjọba Amẹ́ríkà ti ọdún 1893 ló sọ ọwọ́ ìdìmú, bíréèkì afẹ́fẹ́ àti ìkọ́ tó ń so ara rẹ̀ di dandan. Láti ọdún 1966 ni ọkọ̀ àpótí tuntun kò ti gbọdọ̀ ní ọ̀nà ìrìn lórí òrùlé mọ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti àwọn àtijọ́ kúrò, tí wọ́n ń gé àkàbà wọn kúrú. Ní ọdún 1967 ni àlẹ̀mọ́ ACI aláwọ̀ oríṣiríṣi dé, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá. Ìdọ̀tí ò jẹ́ kó ṣeé kà dáadáa, wọ́n sì pa á tì ní ọdún 1977. Nítorí náà, ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ tó pè ní ti ọdún 1955 ti purọ́ mọ́ ọn.

Ìdọ̀tí pàápàá ní ìdí. Bẹ́ríìnì àtijọ́ máa ń tú epo sójú wíìlì, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ á dúdú kìjikìji. Bẹ́ríìnì tuntun tí wọ́n dí pa kì í jò, nítorí náà wíìlì tirẹ̀ a máa dípẹtà. Ṣùgbọ́n ibi tó ń kan irin ń dán ní tiwọn méjèèjì. Láyé àtijọ́, wọ́n tún máa ń wọn ọkọ̀ òfìfo lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n á kun ìwọ̀n òfìfo tuntun sójú àbùlẹ̀ mímọ́ kan lára ọkọ̀ tó ti dọ̀tí. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí àbùlẹ̀ kékeré yẹn lára ẹ̀dà. Ìpẹtà tí wọ́n kàn fọ́n káàkiri kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun èlò kò dúró lójú kan. Ẹ̀fun tí wọ́n lọ̀ kúnná àti yíǹkì dúdú tí wọ́n pò mọ́ sípíríìtì ló kọ́kọ́ gbòde, pẹ̀lú ọ̀dà Floquil, tí wọn kò ṣe mọ́ láti ọdún 2013. Lẹ́yìn ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Westerfield àti Sunshine ń fi rẹ́sìn ṣe ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ńlá kò ní ṣe, fún àwọn tó ń fẹ́ irú kan pàtó, ọdún kan pàtó. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ọkọ̀ ogun ni wọ́n ti kọ́ lílo ọ̀dà olóróró, àti fífín oje tí wọ́n ń fín sí irun kó lè dúró sábẹ́ ọ̀dà kí ó lè ṣeé họ bí ọ̀dà tó ń bó.

Lónìí, ìyàwòrán ara ògiri àwọn ọ̀dọ́ ti bo ọkọ̀ akẹ́rù tòótọ́, àlẹ̀mọ́ rẹ̀ sì wà lọ́jà fún ti kékeré. Níbi tí àwòrán bá ti bo nọ́ńbà, ilé iṣẹ́ ojú irin á kun ojú ibẹ̀ nìkan, wọ́n á tún nọ́ńbà kọ. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ wá fọ́tò ọkọ̀ kan ṣoṣo, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n yà á, kó tó ṣí ìgò ọ̀dà.