Ìtàn Ditẹ́ktọ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Wá Wúrà: Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Kówó Èsúsú Lé E

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Minna, Gusau, Kaduna títí dé Yauri, gbogbo wa la ń rí i bí owó wúrà ṣe ń gòkè. Àwọn ọ̀dọ́ wa míì ti ń kó owó èsúsú jọ kí wọ́n lè ra ditẹ́ktọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé ká orí ilẹ̀ tó sì máa ń dún tó bá pàdé irin. Wọ́n á ní, "Bọ̀dá, èwo ni ká kọ́kọ́ rà tí kò ní gbówó lórí jù?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ náà níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń tà á ló máa bá a yàn án. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ọdún 1881, wọ́n yìnbọn fún James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan ní Washington. Ọta kan kù sí i lára, àwọn dókítà ò sì mọ ibi tó wọlé sí. X-ray ò tíì dáyé nígbà yẹn. Alexander Graham Bell, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, wá ká wáyà bí òrùka, ó so ó mọ́ bátìrì àti tẹlifóònù. Tí irin bá ti sún mọ́ wáyà yẹn, etí á gbọ́ ìró. Ó dán an wò lára àwọn sójà àtijọ́ tí ọta ṣì wà lára wọn, ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ, ariwo tí kò nítumọ̀ ló ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ló tó gbọ́ pé irin wà nínú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ ọkùnrin náà sí! Dókítà àgbà tún taku pé apá ọ̀tún ni kó wá, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta wà. Garfield kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn sọ́kàn o. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà àwọn tó ń wá wúrà ti ń wá: irin tí èèyàn ò wá máa ń pariwo ju ohun tó ń wá lọ.

Ẹni tó sọ ọ́ di ọjà ni Gerhard Fischer, ọmọ Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà (àwa tá a wà lẹ́yìn odi náà mọ bó ṣe máa ń rí). Iṣẹ́ rédíò tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òfurufú ló ń ṣe. Ó ṣàkíyèsí pé tí irin tàbí òkúta tí irin wà nínú bá ti wà nítòsí, rédíò á júwe òdì. Ẹlòmíì á kàn bínú síbi iṣẹ́ ni. Òun rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, nígbà tó sì di 1937, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀. Orúkọ Fisher ṣì wà lára ditẹ́ktọ̀ títí dòní.

Ogun Hitler ló wá sọ ọ́ di ohun tí ẹnì kan lè dá gbé. Józef Kosacki, sójà ọmọ Póláǹdì tó wà ní Scotland, ṣe èyí tí wọ́n fi ń wá bọ́ǹbù tí ọ̀tá rì mọ́lẹ̀. Nǹkan bí 500 irú ẹ̀ ni wọ́n lò ní El Alamein ní Íjíbítì ní 1942. Kò gba ìwé ẹ̀tọ́ kankan, ó fi ta àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ ni. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ta ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ṣẹ́ kù ní pọ́ọ́kú fún aráàlú, àwọn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá owó àtijọ́ àti wúrà. Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù tóbi bí àwo ọbẹ̀. Wúrà tí ẹ̀ ń wá lè má tó hóró ìrẹsì kan.

Ilẹ̀ tún wá jẹ́ wàhálà tiẹ̀. Irin tó ti dípẹtà látọdúnmọ́dún ló sọ ilẹ̀ wa di pupa. Ẹ fi òòfà wọ́ iyanrìn ojú àgbàrá, ẹ ó rí eruku dúdú tó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Yangí tá a mọ̀ dáadáa nílé yẹn, ariwo ni létí ditẹ́ktọ̀. Bẹ́ẹ̀dì Garfield lẹ ń rìn lórí ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ilẹ̀ Australia náà rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ti pọ̀ sí i. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí ti mọ bí wọ́n á ṣe tún un ṣe kó lè gbójú fo ìró ilẹ̀. Ní 1980, ẹnì kan fi ditẹ́ktọ̀ Garrett rí odindi wúrà kan ní Victoria tó wọn ju kílò 27 lọ. Hand of Faith ni wọ́n ń pè é. Wọ́n dá Minelab sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1985, nígbà tó sì di 1995, wọ́n gbé irú míì jáde, SD2000. Èyí kì í sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Á ju iná sílẹ̀, á dákẹ́, á wá tẹ́tí sílẹ̀, nítorí pé ìró ilẹ̀ tètè ń kú ju ìró irin lọ. Irú èyí ló kún Sudan nígbà tí wúrà ń jáde níbẹ̀ ní nǹkan bí 2009 sókè. Ayédèrú sì tẹ̀lé e wọ Áfíríkà. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pariwo pé ayédèrú ń ba ọjà òun jẹ́.

Ó dáa, owó ò pọ̀. Kí lẹ máa rà?

Àwọn olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà, nǹkan bíi 6 sí 8 kHz ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò (ìyẹn ni pé iná inú wáyà ń mì ní ìgbà 6,000 sí 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Owó ẹyọ ni wọ́n ṣe é fún, lórí koríko àwọn òyìnbó. Púpọ̀ nínú wọn ò ní ibi tẹ́ ẹ ti lè tún un ṣe fún ilẹ̀ tiwa. Ní tèmi o, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Àwọn tó ń ju iná sílẹ̀ bíi GPX ti Minelab ń gbọ́ràn jìnnà gan-an, àmọ́ owó wọn kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ wò: Gold Bug ti Fisher tó ń lo 19 kHz, AT Gold ti Garrett tó ń lo 18 tó sì lè wọ odò, tàbí Gold Monster 1000 ti Minelab, 45 kHz, tó jáde ní 2017. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ló máa ń gbọ́ wúrà kékeré tó, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sísàlẹ̀. Tí tuntun bá ju agbára lọ, ẹ ra òkìrìkà tó jẹ́ ojúlówó. Mo fẹ́ ẹ ju ayédèrú tó ń dán lọ.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Láti 1913 ni wọ́n ti ń wa wúrà ní Nàìjíríà, àwọn ọdún 1930 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1940 ló sì pọ̀ jù, kò sì sí ditẹ́ktọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á. Ṣọ́bìrì àti igbá ni. Àwọn ará Iléṣà tó wà láàárín wa lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń fọ iyanrìn ní Itagunmodi. Wúrà tó bá rí bí eruku, ditẹ́ktọ̀ tó wọ́n jù láyé ò ní gbọ́ ọ. Ti Segilola l'Ọ́ṣun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, inú àpáta ni wọ́n ti ń fọ́ ọ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ béèrè níbi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ bóyá wọ́n ti rí hóró wúrà gidi níbẹ̀ rí. Bí eruku nìkan ni, igbá ló kàn yín.

Ohun tí ò sì ní hóró ló ń mú àwọn èèyàn lọ òkúta. Ní Zamfara ní 2010, òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé ní òjé nínú, ó kéré tán ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọmọdé ló kú. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìwakùsà níbẹ̀ nítorí àìsí ààbò, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin 2007 ti sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Ríra ẹ̀rọ kì í ṣe ìwé àṣẹ o. Ẹ wọ ẹgbẹ́ alájọṣe àwọn awakùsà tó forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí onílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọgbó.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa sanwó, ẹ mú hóró ọta ìbọn ọdẹ kan dání. Òjé ni, ìró ẹ̀ sì jọ ti wúrà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bá yín jáde síbi tí yangí wà. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ká ilẹ̀ lásán kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó máa dákẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, kẹ́ ẹ tún gbé e kọjá. Tó bá ní orí tábìlì nìkan lẹ ti lè dán an wò, ẹ dá owó yín padà sápò. Kẹ́ ẹ fọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó jẹun, òjé lẹ fọwọ́ kàn yẹn.