Ikọ́ Ẹran: Ìtàn Abẹ́rẹ́ àti Oògùn láti Gáà Fúlàní dé Ọjà Sokodé

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, àwọn darandaran Fúlàní a máa kó màlúù wọn sọ̀ kalẹ̀ láti Burkina Faso àti Niger. Wọ́n á gba àríwá Tógò wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì dé agbègbè Tchamba, ní ìlà-oòrùn Sokodé, nítorí koríko àti omi ibẹ̀. Ní Kambolé, ìlú tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá tiwọn lẹ́bàá ààlà Bẹ̀nẹ̀, ewúrẹ́, àgùntàn àti adìẹ ló kún ẹ̀yìnkùlé. Ẹran àlejò àti ẹran onílé jọ ń pàdé létí omi, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kó ikọ́ ran ara wọn.

Èyí tí darandaran bẹ̀rù jù nínú àrùn àyà màlúù ni èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní péripneumonie. Màlúù á máa kọ́, á na ọrùn síwájú, á ya ẹsẹ̀ iwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí èémí mí. Bí wọ́n bá pa á, wọ́n á rí i pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti le, omi aláwọ̀ ìyeyè sì ti kún àyà. Àrùn yìí kì í yára pa ẹran bí àrùn mìíràn. Ó lè pẹ́ lára ẹran fún oṣù mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura, ìdí sì nìyẹn tó fi ń bá agbo rìn jìnnà.

Àwọn Fúlàní àti àwọn Mọ́ọ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ní ọ̀nà tiwọn láti dènà rẹ̀ kí òyìnbó kankan tó gbé abẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀fóró màlúù tí àrùn náà pa, wọ́n á la awọ orí imú màlúù tí ara rẹ̀ le, wọ́n á sì ki ègé ẹran náà sábẹ́ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ á wú. Àwọn kan á kú, ṣùgbọ́n èyí tó bá yè á bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Nígbà mìíràn egungun á hù jáde lójú ọgbẹ́ náà lórí imú. Ní nǹkan bí ọdún 1880, onímọ̀ ará Faransé kan, Rochebrune, rí irú màlúù bẹ́ẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì kéde pé ìran màlúù oníwo mẹ́ta ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn sí àwọn ọ̀mọ̀wé pé àpá ìtọ́jú ni wọ́n ń pè ní ìwo.

Ní Yúróòpù, dókítà ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Louis Willems ti ìlú Hasselt, gbé irú ọgbọ́n kan náà jáde ní 1852. Ìrù ni òun yàn, ó ń fi omi ẹ̀dọ̀fóró tó ní àrùn gún un. Ọ̀pọ̀ màlúù ló sì pàdánù ìrù wọn nídìí rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, màlúù tí ọkọ̀ ojú omi kó láti Holland gbé àrùn yìí dé Gúúsù Áfíríkà, ó sì run agbo àwọn Xhosa. Kòkòrò tó ń fa á kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé 1898 ni àwọn onímọ̀ Nocard àti Roux tó rí i mú ní Paris. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ní Tanganyika mú irú rẹ̀ kan, wọ́n ń gbé e láti inú ẹyin adìẹ kan dé òmíràn nígbà 44, títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. Òun ló di abẹ́rẹ́ àjẹsára T1/44. Ilé ìwádìí Vom lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, wà lára àwọn tó ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni Dakar àti Bamako.

Oògùn tó ń wo ikọ́ sàn yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì dé. Ìdílé oògùn sulfa ló ṣíwájú, lẹ́yìn tí Prontosil jáde ní Jámánì ní 1935. Pẹnisílìnì tẹ̀ lé e, gbogbo ayé sì rò pé ìyà ikọ́ ti tán. Lára màlúù tó ní péripneumonie, pẹnisílìnì kò ṣe ohunkóhun. Bíba ògiri tó yí kòkòrò ká jẹ́ ni pẹnisílìnì fi ń pa á, kòkòrò ti péripneumonie kò sì ní ògiri rárá. Oògùn méjì ló wá ṣí ọ̀nà: oxytetracycline, tí ilé iṣẹ́ Pfizer gbé jáde ní 1950 pẹ̀lú orúkọ Terramycin, àti tylosin, tó dé ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe oxytetracycline tó ń pẹ́ lára, tí abẹ́rẹ́ kan rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Darandaran tó ń lọ láti gáà dé gáà fẹ́ràn rẹ̀, kò sì yani lẹ́nu.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà ẹran ìjọba fi ń sọ pé kí wọ́n má fi oògùn wọ̀nyí wo péripneumonie. Ẹ̀dọ̀fóró màlúù tó yè máa ń sé apá ibi tó ti jẹrà mọ́lé, kòkòrò á sì wà láàyè nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹran tí oògùn bá tù lára á máa tan àrùn kálẹ̀ láìkọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ohun tó dájú ni pé kòkòrò ààyè ló wà nínú T1/44, nítorí náà ẹni tó gún màlúù ní oxytetracycline láàárọ̀, tó tún fún un ní àjẹsára lọ́sàn-án, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àjẹsára náà.

Ewúrẹ́ ní tirẹ̀. Kata ni wọ́n ń pè é ní Nàìjíríà: ojú á máa ṣomi, imú á dí, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, òtútù àyà á sì parí iṣẹ́ náà. Côte d'Ivoire ni àwọn onímọ̀ Gargadennec àti Lalanne ti kọ nípa rẹ̀ ní 1942. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa á, oògùn apakòkòrò kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Àwọn kòkòrò mìíràn tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró tí kata ti bà jẹ́ ni oxytetracycline ń gbógun tì. Òtítọ́ kékeré yìí ló ń gba ewúrẹ́ díẹ̀ là, òun náà ló sì ń mú kí àwọn èèyàn gbà pé ìgò oògùn wọn ti wo kata sàn.

Ìdáhùn tó péye ti Nàìjíríà wá. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára ewúrẹ́ kan níbẹ̀ ní 1975, tí Taylor àti Abegunde kọ nípa rẹ̀ ní 1979, ni Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rọ lágbára ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1989. Nigeria 75/1 ni orúkọ rẹ̀ títí dòní. Kó tó dé, àjẹsára rinderpest ti màlúù ni wọ́n ń yá lò fún ewúrẹ́, nítorí àwọn fáírọ́ọ̀sì méjèèjì tan mọ́ra. Abẹ́rẹ́ kan Nigeria 75/1 ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ayé ti kéde ní 2011 pé rinderpest ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní Abidjan ní 2015, FAO àti àjọ ìlera ẹran àgbáyé ṣèlérí láti fòpin sí kata kó tó di 2030.

Fún adìẹ, lùkúlùkú ni àrùn tó ń fa ẹkún. Java àti ìlú Newcastle ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1926. Ìròyìn àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ ní Nàìjíríà wá láti Ìbàdàn ní ìparí 1952. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Àwọn tó ń sin adìẹ ń rẹ èèpo àgànwó tàbí ata sínú omi adìẹ, àwọn mìíràn ń ra tylosin. Tylosin wúlò gidi fún ikọ́ adìẹ tí kòkòrò mycoplasma ń fà, kò sì kan lùkúlùkú. Àjẹsára I-2, tí Peter Spradbrow ṣe ní Queensland, Ọsirélíà, ló bá ìgbèríko mu jù: ó fara da ooru ju àwọn mìíràn lọ, wọ́n sì lè kán an sójú adìẹ.

Ẹṣin olówó Yúróòpù lónìí ní oògùn tí wọ́n ń fà símú, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní 2020 fún ikọ́ fée tó le. Ewúrẹ́ Tchamba kò bèèrè tó bẹ́ẹ̀. Àjẹsára tó tutù ló ń bèèrè.

Yìnyín tí yóò mú àjẹsára tutù àti ìmọ̀ ni ìṣòro náà. Láti 1968 ni ilé ẹ̀kọ́ EISMV ní Dakar ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹran fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Tógò pẹ̀lú. Ní 2006 àjọ ọrọ̀-ajé UEMOA ṣe òfin pé oògùn ẹran tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ wọ ọjà. Òfin ECOWAS ti 1998 sì béèrè ìwé ẹ̀rí pé màlúù tó ń kọjá ààlà ti gba àjẹsára. Síbẹ̀, ìgò oxytetracycline ṣì ń ti ọwọ́ oníṣòwò lọ sí ọwọ́ olóhun ọ̀sìn, láìsí ẹni tó wọn ẹran náà. Oògùn tó ń pẹ́ lára ẹran ń pẹ́ nínú ẹran jíjẹ náà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àsìkò Iléyá ni èyí le jù. Àgbò tó bẹ̀rẹ̀ ikọ́ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan kò tíì tó jẹ ní ọjọ́ ọdún, bó ti wù kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tó nígbà tí olùrà bá dé.