Ilé-ẹ̀kọ́ Àwọn Tíṣà ní Ọ̀tọ̀ àti Omi Ológe

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1957, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọdún méjì lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ ya bo ilé-ìwé, tíṣà kò sì tó. Nígbà tó di 1958, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn tíṣà Grade Three. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló dàgbà títí tó fi di kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó kó wá sí Ọ̀tọ̀-Ìjànìkín ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí wọ́n sì wá fi orúkọ Adéníran Ògúnsànyà, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ọmọ Ìkòròdú, pè.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, agbègbè Àgbádárìgì náà ni mo sì ti fi iṣẹ́ ọ̀hún jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lóde òní, wọ́n ní kí ilé-ìwé máa bá ìlú ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ọmọ máa ti inú iṣẹ́ ìlú kọ́ bí ayé yóò ṣe dúró re fún ìran tó ń bọ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n a ti fi ọmọ ilé-ìwé ṣiṣẹ́ rí nílẹ̀ yìí, ó sì yẹ kí á rántí ibi tó ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Láàárín 1920 sí 1921, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já. James Aggrey, ọmọ Gold Coast, wà lára wọn. Àbọ̀ wọn tó jáde ní 1922 sọ pé kí ilé-ìwé kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ oko, ìmọ́tótó àti ohun tí ìlú rẹ̀ nílò. Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ nígbà tí oko ilé-ìwé dé ọ̀dọ̀ wa, kí ló dà? Ẹni tó bá pẹ́ dé ilé-ìwé ni wọ́n ń lé lọ síbẹ̀. Ọmọ ń kọ ebè, kò sẹ́ni tó sọ fún un ìdí tí ilẹ̀ fi ń ṣá. Iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀kọ́ nínú, ìyà lásán ni.

Àwọn kan ṣe é dáadáa. Ní 1951, Alec Dickson, ará Gẹ̀ẹ́sì, dá ibùdó Man O' War Bay sílẹ̀ ní apá Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń darí ènìyàn. Ní 1958, ọdún kan náà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀, ló dá VSO, àjọ tó ń rán àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1956, Táí Ṣólàárín àti Sheila ìyàwó rẹ̀ ti dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí ọmọ ti ń gbin ohun tí yóò jẹ.

Ní Ọ̀tọ̀, ẹ̀kọ́ tiwa wà nínú ọ̀sà Ológe. Nígbà tí mo di tíṣà àgbà, mo mú àwọn ọ̀dọ́ tó wá fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò lọ́dọ̀ wa, èyí tí a ń pè ní TP, lọ sí etí omi, pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Bàbá apẹja kan fi àjẹ̀ fa ewé tó léfòó lójú omi gòkè, èyí tí ìwé ń pè ní water hyacinth. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó gùn, ó rí wúruwùru. Bàbá gbọ̀n ọ́n sínú ike. Edé wẹ́wẹ́ àti ìgbín omi já bọ́ síbẹ̀, wọ́n ń mira.

"Ẹ ò rí i, ẹ̀yin ọmọ mi? Ọ̀tá àwọ̀n mi ni, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí fi ṣe ilé. Ibi tó bá ti tẹ́ pọ̀ bí ẹní ni ẹja ò ti ráyè mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ìgbà wo ló dé?"

"Ìgbà Bùhárí ológun. Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló gbà wá."

Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀ náà nìyẹn: Gúúsù Amẹ́ríkà ni ewé ọ̀hún ti ṣẹ̀, ó sì gba ojú omi Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà ní 1984. Bàbá tún fi kún un pé lápá Èkó, iyọ̀ òkun máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n omi Ológe kò níyọ̀, nítorí náà kì í lọ.

Àwọn ọmọ ní kí á kó ewé náà jọ, kí ó jẹrà, kí á fi ṣe ajílẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe TP ti bi wá pé kí ni omi náà ń gbé wá. Odò Òwò ló ń ṣàn wọ Ológe, omi ìdọ̀tí láti àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú Agbára sì ń bá a wọlé. Àwọn onímọ̀ ti rí èròjà irin olóró nínú omi yìí àti nínú ẹja rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewé yìí a máa fa irú èròjà bẹ́ẹ̀ mu. A kò fi ajílẹ̀ náà gbin ẹ̀fọ́ mọ́. Ìdí igi ìbòòji la dà á sí. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ kíláàsì karùn-ún mọ̀ pé ohun tí wọ́n dà nù ní Agbára lè bá òun nínú àwo ọbẹ̀.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2005 sí 2014 sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n sì gbé àfojúsùn 17 kalẹ̀ ní 2015 kí ayé lè dúró re fún ìran tó ń bọ̀. Ní 2022, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa àti ti Noforíjà ní Ẹ̀pẹ́ para pọ̀ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Mo yọ̀ gidigidi. Ẹ̀bẹ̀ mi sí yunifásítì náà ni pé kí wọ́n pe àwọn apẹja àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja jókòó nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò iṣẹ́ ọmọ, kì í ṣe nígbà tí ètò bá ti parí. Ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì rí nínú omi Ológe, kí wọ́n wá kà á fún ìlú létí omi, ní Yorùbá àti ní Ègùn, nítorí àwọn tó ń jẹ ẹja náà ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́.