Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Olùkọ́

Láti Ilé Akéde ní Òríta Baṣọ̀run, ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti ẹ̀rọ ni mo gbé wá.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ọmọ ya bo ilé-ìwé. Olùkọ́ kò kárí. Nígbà tí amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959, ara iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un ni láti ran olùkọ́ lọ́wọ́.

Àwọn tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò ṣì í sọ. Ẹ̀rọ lè bá ẹgbẹ̀rún ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò rí èyí tó jókòó lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ kò yé. Nítorí náà ni olùkọ́ fi ní láti kọ́ ọ̀nà tuntun: kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ tó le sójú pátákó, bí ó bá parí, kí ó bi ọmọ léèrè.

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa ní 2020, ẹ̀kọ́ tún gba orí rédíò. Ilé tí kò sí ẹni tí yóò béèrè, atẹ́gùn ló gbé ẹ̀kọ́ lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí rédíò bá dákẹ́, ẹ bi ọmọ yín pé: "Kí lo gbọ́?"