Ẹ̀kọ Tí Ó Di Ọ̀rá

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Terminus, ní àárín gbùngbùn ìlú Jọ́ọ̀sì, ní àsìkò ọyẹ́, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí i pé ohun tí a fi di oúnjẹ ti fẹ́ pọ̀ ju oúnjẹ lọ nílẹ̀: ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá kúlíkúlí, dúdú àti funfun, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní leda, tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri láti etí gọ́tà títí dé àyíká ibi tí ọjà ńlá ìlú náà wà tẹ́lẹ̀, ọjà tí a ṣí ní 1985, tí iná sì jó ní oṣù kejì ọdún 2002. Ìtàn ọ̀rá wọ̀nyí àti ti ohun tí ó lè rọ́pò wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ìtàn náà kò jìnnà sí ìkòkò ẹ̀kọ ìyá wa bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò.

Àwọn Yorùbá tí iṣẹ́ ojú irin àti iṣẹ́ kùsà gbé dé orí òkè Jọ́ọ̀sì, láti ìgbà tí ojú irin kékeré láti Zaria ti dé Bukuru ní 1914, àti ìgbà tí èyí tí ó tóbi gba Kafanchan wọ Jọ́ọ̀sì ní 1927, kò bá ewé eéran níbẹ̀, nítorí igbó ẹ̀gàn ni ilé ewé eéran. Bẹ́ẹ̀ ewé ni ìyá ẹlẹ́kọ fi ń pọ́n ẹ̀kọ nílé, ewé ni a fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, ewé náà ni a sì fi ń di obì tí ó ń lọ sí òkè Ọya kí ó má baà gbẹ lójú ọ̀nà. Bí a bá jẹun tán tí a sọ ewé náà nù, ewúrẹ́ a jẹ ẹ́. Bí ewúrẹ́ kò bá jẹ ẹ́, ilẹ̀ a jẹ ẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ICI ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣèèṣì bá ohun funfun kan bí ìda nínú ìkòkò irin wọn. Òun ni polythene. Ó fúyẹ́, omi kò lè gbà á kọjá, owó rẹ̀ kò tó nǹkan; nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwa, ó ti borí ewé, ó ti borí bébà ìwé ìròyìn tí a fi ń di ẹ̀pà. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ilẹ̀ kò mọ̀ ọ́n jẹ.

Ṣùgbọ́n kí polythene tó dé rárá ni àwọn ìyá wa ti mọ bí a ti í fi ẹ̀kọ ṣe awọ. Ta ni kò tíì rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó máa ń bo orí ẹ̀kọ gbígbóná nígbà tí ó bá ń tutù? Awọ náà gan-an ni àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ọmọ Lísàbí, ti Ìbàdàn àti ti Òṣogbo ìlú aró sọ di iṣẹ́ ọwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Wọn a ro láfún lórí iná, wọn a fi álọ́ọ̀mù àti bàbà sọ́féètì sí i kí ó má baà tètè bàjẹ́, wọn a fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ, tàbí kí àwọn ọkùnrin fi páànù tí a gé lọ́nà tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti gbẹ, ó di awọ tí aró kò lè tètè wọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pe aṣọ náà ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ gbígbẹ tí ó dènà aró lára aṣọ àti ẹ̀kọ gbígbẹ tí yóò dáàbò bo oúnjẹ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Bí a bá wo inú ṣítáàṣì, ohun tí ó ń mú kí ẹ̀kọ di awọ, yálà ti ẹ̀gẹ́, ti àgbàdo tàbí ti ànàmọ́ òyìnbó, oríṣi okùn méjì ni a ó bá níbẹ̀: ọ̀kan gùn tọ̀ọ̀rọ̀, èkejì yọ ẹ̀ka bí igi ìrókò. Nínú omi tútù wọ́n wà ní dídì bí hóró. Nígbà tí omi bá gbóná dé nǹkan bí 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, hóró náà a wú, a bẹ́, okùn inú rẹ̀ a tú síta, ẹ̀kọ a sì ki. Bí a bá wá tẹ́ ẹ̀kọ fífẹ́lẹ́ náà sórí ohun pẹlẹbẹ kí ó gbẹ, àwọn okùn gígùn a tún so mọ́ ara wọn, awọ a dúró. Ṣùgbọ́n awọ tí ó gbẹ báyìí a máa sán bí ewé gbígbẹ, nítorí náà ni a ṣe ń fi gilisẹríìnì pò ó, èyí kan náà tí àwọn ìyá ń fi pa ara ọmọ ní ìgbà ọyẹ́, kí ó lè rọ̀, kí ó sì ṣe é ká.

Àwọn ará Vietnam ti ń tẹ́ ògì ìrẹsì bẹ́ẹ̀ sórí aṣọ lórí oru omi, tí wọ́n ń sá a lóòrùn lórí àtẹ ọparun, tí wọ́n sì ń fi wé oúnjẹ jẹ. Ní ilẹ̀ Òyìnbó, àwọn ọdún 1970 ni iṣẹ́ fífi ṣítáàṣì ṣe ọ̀rá tó ta kìjí. Gerald Griffin ti Yunifásítì Brunel da hóró ṣítáàṣì pọ̀ mọ́ polythene, pẹ̀lú ìrètí pé bí kòkòrò ilẹ̀ bá jẹ ṣítáàṣì tán, ìyókù yóò fọ́ túútúú. Àwọn àgbà ní ewé tí ó bá pẹ́ lára ọṣẹ a máa di ọṣẹ, ṣùgbọ́n polythene pẹ́ lára ṣítáàṣì títí, kò di ẹ̀kọ. Àfọ́kù wẹ́wẹ́ ni ó dà, ó sì wà nínú ilẹ̀ síbẹ̀. Láti inú ìjákulẹ̀ yìí ni a ti kọ́ ọgbọ́n pé ohun tí a ó dà pọ̀ mọ́ ṣítáàṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ilẹ̀ lè jẹ tán. Ilé iṣẹ́ Novamont ní ìlú Novara ní Ítálì gbé èyí dé ọjà pẹ̀lú àdàlù oníṣítáàṣì tí wọ́n pè ní Mater-Bi. Nígbà tí ìjọba Ítálì sì fi òfin de ọ̀rá ọjà lásán ní 2011, irú àpò bẹ́ẹ̀ rí àyè gbà.

Omi kò lọ́tàá, a máa ń wí. Síbẹ̀ omi ni ọ̀tá ọ̀rá oníṣítáàṣì. Ọ̀rá náà a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, a sì máa dá a padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ìlú tí yóò dán an wò dájú ni Jọ́ọ̀sì, tí ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, nítorí pé ọyẹ́ ibẹ̀ a máa la ètè, òjò oṣù keje ibẹ̀ a sì máa mú ògiri tutù. Ọ̀rá tí ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ ní oṣù keje lè ṣẹ́ bí gúgúrú ní oṣù kìíní. Ẹni tí ó bá rí èyí tí yóò dúró ní ìgbà méjèèjì ní Terminus, kò sí ọjà tí kò lè gbé e lọ.

Ohun tí a ó fi ṣe é kò sì jìnnà. Àwọn Òyìnbó awakùsà ni ó mú ànàmọ́ òyìnbó wá sórí òkè náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ìjọba amúnisìn rọ àwọn àgbẹ̀ láti gbìn ín fún oúnjẹ ọmọ ogun, títí òní ni Ìpínlẹ̀ Plateau sì jẹ́ orísun rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ilé ìwádìí ìjọba lórí rẹ̀ sì wà ní Kuru nítòsí Jọ́ọ̀sì. Ní ti ẹ̀gẹ́, kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ń gbìn ín tó wa ní gbogbo ayé, ilé ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ ṣe é. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ànàmọ́ lẹ́nu ọmọ láti fi ṣe ọ̀rá. Wẹ́wẹ́ tí alájàpá kò rà, èyí tí ọkọ́ ṣá lóko, èyí tí ó fẹ́ rà kí ó tó dé ọjà, ìwọ̀nyí ni kí a rin, kí a sẹ́, kí a jẹ́ kí ó silẹ̀ nínú omi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ṣítáàṣì aṣọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ike fífúyẹ́ tí a fi ń bu oúnjẹ, ó sì tún mú ọwọ́ òfin le lórí ọ̀rá fẹ́lẹ́ àlòsọnù láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Òfin dára, ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta kúlíkúlí kò lè fi òfin di ọjà rẹ̀. Mo sì gbà pé kí a má tan ara wa: ọ̀rá ẹ̀kọ kò tíì lè gbé omi mímu, kò sì lè dúró nínú ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀, ewé ni kí a dá padà fún ọ̀lẹ̀lẹ̀. Oúnjẹ gbígbẹ ni tirẹ̀: ẹ̀pà, kúlíkúlí, ata gígún, bísíkíìtì. Ẹ̀yin olùkọ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì, ẹ̀yin àgbẹ̀ Plateau, àti ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣòwò ní Terminus, ẹ jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí kúlíkúlí.