Mau Piailug, Atukọ̀ Tí Kò Gbé Ìmọ̀ Wọ Ibojì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní àkókò àjọ̀dún bí irú èyí, tí à ń ka ohun tí àwọn aṣáájú wa fi lé wa lọ́wọ́, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: ta ni àwa náà yóò fi í lé lọ́wọ́? Ìtàn atukọ̀ kan láti ilẹ̀ òkèèrè ni a fẹ́ fi yẹ ìbéèrè náà wò, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Orúkọ rẹ̀ ni Mau Piailug. Ọdún 1932 ni a bí i ní Satawal, erékùṣù kékeré kan ní Maikironésíà, nínú Òkun Pàsífíìkì. Gbogbo ilẹ̀ Satawal kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2, àwọn olùgbé ibẹ̀ sì tó nǹkan bí 500. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ mọ̀ pé bí ojú òun bá kúrò ní èbúté kan, yóò bá òmíràn pàdé láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ta ìgbòkun ní Satawal, omi àti ojú ọ̀run nìkan ni ó lè máa rí fún ọjọ́ púpọ̀. Nítorí náà, òpó ìlú ni atukọ̀ jẹ́ níbẹ̀. Òun ni í wá oúnjẹ fún ará ilé, òun ni í so erékùṣù kan pọ̀ mọ́ èkejì, a sì ń retí pé kí ó jẹ́ ẹni àlàáfíà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Láti ìgbà tí Mau ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni bàbá àgbà rẹ̀, tí òun náà jẹ́ atukọ̀, ti yàn án fún iṣẹ́ yìí. A máa gbé ọmọ náà sínú omi etí òkun kí ara rẹ̀ lè mọ bí omi ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ yíká níwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ibi tí ìràwọ̀ kan ti ń yọ tàbí ibi tí ó ti ń wọ̀. Ó kọ́ bí a ti ń mọ ìgbì kan yàtọ̀ sí òmíràn, àti àwọn ẹyẹ tí í padà sí ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìwé, kò sí kọ́ńpáàsì. Inú orí ni ó kó gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 18, wọ́n fi í joyè pwo, èyí tí í ṣe oyè àwọn ọ̀gá atukọ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó dé, ẹ̀rọ ọkọ̀ dé, ìgbàgbọ́ Kristi náà sì gbilẹ̀ ní erékùṣù wọn. Ayẹyẹ pwo dáwọ́ dúró ní Satawal, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ jókòó ti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́. Mau rí i pé bí òun bá kú, ìmọ̀ náà lè bá òun kú.

Ní àkókò yìí ni àwọn ará Hawáì kan ọkọ̀ Hokule'a ní àwòṣe ọkọ̀ àwọn baba ńlá wọn. Àwọn onímọ̀ ìwé kan ti ń sọ pé afẹ́fẹ́ àti ìgbì ni ó ṣèèṣì gbé àwọn baba náà dé erékùṣù wọn. Hawáì fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà àtijọ́ láàárín wọn mọ́. Mau ni wọ́n ké sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, wọ́n ṣíkọ̀ láìsí ẹ̀rọ atọ́nà kankan. Nígbà tí ó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Papeete ní Tàhítì, lẹ́yìn ìrìn-àjò nǹkan bí kìlómítà 4,000. Ó lé ní 17,000 ènìyàn tí ó jáde wá pàdé wọn.

Ayọ̀ náà kò ṣàìní ẹ̀gún nínú. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn èrò inú ọkọ̀, ó sì dun Mau tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi bá wọn padà. Ní ọdún 1978, Hokule'a dojú dé sínú òkun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Eddie Aikau, tí ó lọ wá ìrànlọ́wọ́ sì sọnù. Nígbà náà ni Nainoa Thompson, ọmọ Hawáì, lọ bẹ Mau pé kí ó kọ́ òun. Mau gbà. Ó mú un lọ sí etí òkun, ó ní kí ó na ọwọ́ sí ìhà tí Tàhítì wà, ó sì bi í bóyá ó rí erékùṣù náà. Nainoa dáhùn pé ojú òun kò rí i, ṣùgbọ́n òun ń rí i nínú ọkàn òun. Mau kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí àwòrán náà sọnù, nítorí bí ó bá sọnù, òun náà sọnù nìyẹn. Ní ọdún 1980, Nainoa tọ́ ọkọ̀ náà dé Tàhítì, ó sì tọ́ ọ padà sílé.

Àwọn kan láàárín àwọn ènìyàn Mau bínú pé ó ń fi ohun ìṣura ilé fún àlejò. Kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ó tún ṣe ayẹyẹ pwo ní Satawal, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní 50 ọdún. Ọmọ Hawáì márùn-ún wà nínú àwọn tí ó jẹ oyè náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Maikironésíà ni wọ́n pọ̀ jù. Ìmọ̀ tí ó jáde lọ ti padà wálé. Àwọn ará Hawáì kan ọkọ̀ kan fún un láti fi dúpẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Maisu: èso gbẹ̀rẹ̀fútù tí ìjì gbọ̀n sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tí ebi ń pa lè ṣà jẹ. Mau dágbére fáyé ní Satawal ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2010.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a fi pamọ́ nítorí kí ó má bàa sọnù ni í sábà sọnù. Ẹni tí ó mọ orin àwọn àgbà, ẹni tí ó mọ àdúrà ní èdè wa, ẹni tí ó mọ ìtàn ìdílé tàbí iṣẹ́ ọwọ́, kí ó má ṣe dúró de ìgbà tí àwọn ọmọ yóò wá bèèrè. Kí ó pè wọ́n, kí ó to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú wọn. Bí ọmọ ilé kò bá tíì ṣetán, kí ó kọ́ ọmọ aládùúgbò tí ó ṣetán. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ilé yóò ti wá gbà á lọ́la. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí kò háwọ́. Àmín.